Ògbufọ̀ Ọgbà Nábótì

Nígbà tí yunifásítì dé sí ìhà Ìyànà Ìyẹsí, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù káàkiri bí olú, ilẹ̀ di wúrà ní Ọ̀tà. Ìjọ tiwa ní Ilo-Awela náà kò fẹ́ gbẹ́yìn. A ra ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, a ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká kó tó hàn sí wa pé ilẹ̀ opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tà. Ìyá náà ṣì ní ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ yẹn ló ń jẹ, òun náà ló ń fi ṣe gàrí tà.

Èmi ni ògbufọ̀. Ọmọ Ẹ̀dó ni pásítọ̀ wa, gẹ̀ẹ́sì ló fi ń wàásù, kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀", bẹ́ẹ̀ ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun bíi tèmi ló pọ̀ jù nínú ìjọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má purọ́. Ẹni tó ń gé ọ̀rá níléeṣẹ́ náílọ́ọ̀nù láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, tí gbogbo ojú wá ń wò lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé kò ní dùn mọ́ ọn?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, pásítọ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ ìkọ́lé pé òun máa wàásù lórí ilẹ̀ náà, kí ìjọ lè dá a padà. Èmi ló rán lọ pe ìyá, kó wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Alága ìgbìmọ̀ kò bá a jiyàn. Ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá. Òun ni súpáfáísọ̀ mi níléeṣẹ́, òun náà ló mú mi wọṣẹ́.

"Èyí tó bá le jù lọ́la, bá wa mú un rọ̀ díẹ̀," ló wí. "Àbí iṣẹ́ ti sú ẹ?"

"Rárá o, sà."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà wá, ó jókòó síwájú. Pásítọ̀ ka ìtàn Áhábù tó gba ọgbà Nábótì, mo tún un kà ní Yorùbá geere. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ìyá náà. Ó ní Nábótì wa rèé, àwa ni Áhábù, ẹ jẹ́ ká dá ọgbà rẹ̀ padà kí Ọlọ́run tó dá wa lẹ́jọ́.

Alága ń wò mí, kò ṣẹ́jú. Mo pariwo: "Ẹ̀yin ará, Áhábù kankan ò ní gba ọgbà yín! Ọwọ́ ọ̀tá ò ní tó ilẹ̀ tí Ọlọ́run fún wa!"

Àmín tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé. Wọ́n ní òtítọ́ korò. Tèmi kò korò, mo ti da ṣúgà sí i. Àwọn tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ o, wọ́n tẹjú mọ́ Bíbélì wọn. Ìyá náà ṣe àmín, ó sì ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń retí èyí tó kù. Pásítọ̀ rò pé ìjọ ti ronú pìwà dà, ló bá bú sẹ́kún. Ojú tì mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, pásítọ̀ ní kí wọ́n wó ògiri ilẹ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ní ìjọ kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, wọn kò gbọ́. Ó yíjú sí mi, mo ń wo ilẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí ìjọ mìíràn.

Ìgbìmọ̀ fún ìyá náà ní ọ̀sẹ̀ kan kó fi kó ohun ọ̀gbìn rẹ̀. Mo bá a lóko, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣebí o ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mi ni pásítọ̀ fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tó nawọ́ sí mi yẹn, tó ń sunkún, kí ló sọ nípa mi?"

Alága kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò wá.

"Ó gbàdúrà fún yín, mà."

"Àmín," ni ìyá wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ń fa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tu.