Lẹ́tà Àṣírí Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Ímeèlì Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí níbi iṣẹ́ fún yín. Ìtìjú ni kò jẹ́. Lónìí ṣá, mo máa sọ ọ́. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí dáadáa, akọ̀wé ìjọba ni mí. Ìkéré-Èkìtì ni mo ti wá, Baruwa l'Ékòó ni mò ń gbé. Ọ́fíìsì wa (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ máà bínú) ló ń gba ẹ̀sùn lórí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹni tó bá rí ohun tí kò dáa á kọ̀wé sí wa, a ó sì fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́. Ìlérí tí ìjọba ṣe fáráàlú nìyẹn.

Ni nọ́ọ̀sì kan bá kọ̀wé sí wa láti Ìgàndò. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Sister Bọ́sẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ní ọkùnrin tó ni ilé ìwòsàn tóun ti ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe dókítà rárá, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fáwọn aboyún. Obìnrin méjì ti kú lójú òun. Ó kọ orúkọ wọn, ó fọwọ́ sí i. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo háyà."

Mo kà á tán. Mo fi òǹtẹ̀ àṣírí lù ú, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá wa tó jẹ́ dírẹ́kítọ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Ó ní kí n ya fọ́tò lẹ́tà náà, kí n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì òun. Mo bi í pé ṣé ti ọ́fíìsì ni. Ó ní rárá o, ti ara òun ni, pé ti ọ́fíìsì kì í tètè ṣí, òun sì fẹ́ kà á lópin ọ̀sẹ̀.

Mo rọra ní, "Sà, wọ́n ní a ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan àṣírí ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹni o."

Ẹ wá wo ojú! Ó ní, "Ìyá Dámi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó má bínú. Mo jókòó, mo tẹ sẹ́ńdì. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Mi ò mọ̀ pé ọ̀gá wa kì í lo kọ̀ǹpútà nílé! Ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá ló ti ń ṣí ímeèlì rẹ̀. Ó kà á tán lọ́jọ́ Sátidé, ó dìde, ó lọ, kò jáde nínú ímeèlì náà. Oníbàárà kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó rí orúkọ ilé ìwòsàn tó mọ̀. Ó tẹ lẹ́tà náà jáde, ó gbé e lọ bá ọkùnrin tó ni ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sister Bọ́sẹ̀ wọ ọ́fíìsì wa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun bá lẹ́tà òun lára ògiri, wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Kó tó délé, lánlọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn, ti kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ó gbé ìwé tó já lára ògiri náà sórí tábìlì mi. "Mà, ta lẹ fún?"

Mo mọ̀. Ẹ gbọ́, mo mọ̀! Àmọ́ ohun tí mo sọ ni pé a ṣì ń wádìí ẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò ní sọ." Ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí bí lẹ́tà náà ṣe jáde. Ọ̀gá jókòó, ó ní òun ò rán mi níṣẹ́ kankan, pé èmi ni mo ṣèèṣì fi í ránṣẹ́. Ímeèlì náà sì fi hàn pé èmi ni mo fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rí wo ni mo ní? Ẹnu ló fi rán mi.

Mo lọ bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jẹ́rìí. Òun ló sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Àmọ́ ó ní, "Àǹtí, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ibo lẹ fẹ́ kí n gbà?"

Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Ọ̀gá ṣì wà lórí àga rẹ̀, ímeèlì yẹn náà ló ṣì ń lò. Ẹ̀sùn Sister Bọ́sẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ kò sí nítòsí mọ́, kí wọ́n pa fáìlì náà dé. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o! Àwa la lé e lọ, a tún ń bi í pé ibo ló wà.

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí. Ìyá rẹ̀ ló gbé e níkẹyìn, láti apá Oǹdó. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún wọn, kí n tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kì í sì í fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa Èkó mọ́. Wọ́n rọra pa fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba Ìgàndò kọjá. Wọ́n ti kun ilé ìwòsàn yẹn lọ́dà tuntun. Aboyún kan ń wọlé, ọkọ rẹ̀ gbé báàgì tẹ̀ lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró lódìkejì títì. Mo fẹ́ pè wọ́n. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ta ló máa gbà mí gbọ́? Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn pa dé. Èmi náà bá tèmi lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju báyìí lọ: tí ọ̀gá bá rán yín ní irú iṣẹ́ yìí, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá kọ ọ́, ẹ má ṣe é. Ó rọrùn láti sọ, àbí? Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.