Ẹdun Àjèjì Inú Ọgbà Àmúwò

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Mile 2, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù gbá mi nímú. Ẹlòmíì á ronú oúnjẹ. Ọgbà ẹranko kan tó wà ní Àmúwò nígbà ọmọdé wa ni èmi rántí, inú sì tún bí mi lákọ̀tun.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ má rò pé ọgbà gidi ni o. Ẹ̀yìnkùlé olówó kan ni, tó kó ẹranko jọ bí ẹni ń kó àga sí pálọ̀. Ó ní alábahun tó ń sùn ṣáá, ó ní ọ̀kín kan tí ìrù rẹ̀ ti re dà bí ìgbálẹ̀ àlòkù, ó sì ní ẹranko méjì tó jọ ọ̀bọ, tó ń pè ní lẹ́mọ̀, tó ní láti Madagásíkà ni wọ́n ti wá. Jẹnẹrétọ̀ ń ké gbàràmù kí yàrá olówó náà lè tutù. Àwọn ẹranko ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú àgò onírin. Bàbá náà a wọ bàtà òjò, a dé fìlà ọdẹ, ẹni tí kò rí igbó kankan rí ju koríko etí gọ́tà Festac lọ!

Àwọn lẹ́mọ̀ yẹn ló ń fà wá lọ. Ìrù wọn gùn gbọọrọ, dúdú lé funfun, funfun lé dúdú. Bí oòrùn bá yọ, wọ́n á fìdí kalẹ̀, wọ́n á na apá, wọ́n á kọ ikùn sí oòrùn bíi lánlọ́ọ̀dù tó jẹun yó.

Kẹ́hìndé ni ọ̀rẹ́ mi nígbà náà. Táyé, ìkejì rẹ̀, kú lásìkò òjò, láti ìgbà yẹn ni Kẹ́hìndé kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì, ìyá wọn, tó ń ta gàrí ní Kúje lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àmúwò, gbọ́ nípa ẹranko dúdú-funfun onírù gígùn, ọkàn rẹ̀ sì lọ sí ẹdun, ọ̀bọ inú igbó, kíá. Nílé wọn, ìbátan ìbejì ni ẹdun; ẹni tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá lọ, á fún ẹdun lóúnjẹ, kí inú èyí tó lọ lè rọ̀, kó má wá fa èyí tó kù. Músùlùmí tó ń kírun déédéé ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọmọ ń bà á. Ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́, mo tẹ̀ lé wọn.

"Màdáàmù, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan o!" Olówó ti dé. "Kì í ṣe ọ̀bọ oko yín nìyí. Lẹ́mọ̀ ni! Bísíkíìtì òyìnbó ni wọ́n ń jẹ."

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, ìbejì lọmọ mi."

"Ìyẹn ló wá kàn mí? Ará oko!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì.

Ìyá Ìbejì wò ó tòkè-tilẹ̀. "Bísíkíìtì náà kúkú ti bọ́ wọn yó. Ṣé ẹ ò rí egungun ìhà wọn ni?"

Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn nígbà tí Kẹ́hìndé mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, tó ti ọwọ́ bọ àárín irin. Ẹranko kan rọra sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi èkejì, ọwọ́ dúdú kékeré bíi ti ọmọ tuntun, di ìka ọ̀rẹ́ mi mú.

"Táyé," Kẹ́hìndé ní, "rọra jẹ ẹ́."

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Olówó wa? Omi àti ọṣẹ ló ń pariwo pé kí wọ́n gbé wá, kí wọ́n fi fọ ọwọ́ ẹranko òun!

Kọ̀nténà ló kún ẹ̀yìnkùlé yẹn lónìí. Kẹ́hìndé àti ìyá rẹ̀ ti kó padà sílùú wọn, a ò sì tún fojú kanra mọ́. Mo ti kàwé, mo ti mọ̀ pé lẹ́mọ̀ kì í ṣe ẹdun. Bàbá yẹn náà mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé nìyẹn.

Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní Mile 2. Bí mo ṣe bó àkọ́kọ́, lẹ́nu ara mi ni mo ti gbọ́ ọ: "Táyé, rọra jẹ ẹ́."