Ọjọ́ Tí Àna Wa Dọ̀bálẹ̀ Dí Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀bù

Títí láé ni n óò máa rántí ọjọ́ tí èmi àti ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Òkukù lọ ra abọ́ tánganran ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkìrun. Ìyá mi sanwó, ó sì so rìsíìtì mọ́ etí aṣọ.

Bí a ti ń jáde, ta ni a bá lẹ́nu ọ̀nà? Làmídì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ níbẹ̀ láti máa yẹ rìsíìtì wò. Bí ó ti rí ìyá ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ káàsán, Ìyá,” ló wí nílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, rìsíìtì yín dà?”

“Àbí olè lò ń pè mí?”

Inú bí ìyá mi, kò sọ pé kí ó dìde. Làmídì náà kò sì jẹ́ dìde láìgbàṣẹ. Àwọn oníbàárà há sẹ́yìn wa, nítorí ta ni yóò gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ọmọlọ́mọ? Nígbà tó yá, máníjà gba ojú fèrèsé jáde, ṣòkòtò rẹ̀ fàya, ó sì ń bẹ ìyá mi láti ìta. Ìyá mi bá tú etí aṣọ, ó gbé rìsíìtì lé Làmídì lẹ́yìn.

“Dìde, kí o kà á.”

Ní tèmi, ó yẹ kí oníbàárà fi rìsíìtì hàn, àmọ́ kí wọ́n má fi àna ẹni ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Làmídì wá mú ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wa, ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́wọ́.

“Ọmọ mi lo fẹ́ mú jáde yẹn. Rìsíìtì dà?”

Làmídì tún dọ̀bálẹ̀. Ilé wa kò sì ní fèrèsé tó gba ènìyàn.