Apá Tí Ìyá Rẹ́gí Fẹ́ Fi Han Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ìyá Rẹ́gí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi téèpù yí òun lára. Òun ló ń wọn èèyàn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe é, nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì àti dígí gígùn kan kún fọ́fọ́. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá wọ aṣọ tó rán tán, wọ́n á yí síwájú, wọ́n á yí sẹ́yìn níwájú dígí, wọ́n á ní ó ṣe rẹ́gí. Bó ṣe di Ìyá Rẹ́gí nìyẹn, lẹ́nu ọmọdé àti àgbà.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dá. Kó tó ka iye tó wà lára téèpù, á kọ́kọ́ ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ni aṣọ lè ráyè mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló sì kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, kó tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sókè òkun.

Ọkọ Ìyá Rẹ́gí ní tirẹ̀, káfíńtà ni. Òun náà ní téèpù, onírin, èyí tó máa ń fò padà sínú ilé rẹ̀ bí ahọ́n ọ̀pọ̀lọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ti ń fà á, téèpù ta ló ń sọ òótọ́. Ìyàwó ní irin ò mọ ara èèyàn. Ọkọ ní ti aláṣọ ń nà bó bá ti gbó. Àlejò tó bá jókòó tì wọ́n á rò pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀, kò mọ̀ pé eré ìfẹ́ àwọn méjèèjì nìyẹn.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni jẹjẹrẹ mú ọmú òsì Ìyá Rẹ́gí. Àwọn dókítà gé ọmú náà, wọ́n sì yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà lábíyá, àwọn tó ń bá apá fa omi ara padà. Ara rẹ̀ yá, a dúpẹ́. Àmọ́ wọ́n kìlọ̀ fún un pé omi lè dá dúró sínú apá yẹn nígbàkigbà, kó wú, wíwú ọ̀hún sì lè má lọ mọ́. Ó tiẹ̀ wú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tó gbé ìdì aṣọ tó wúwo, kó tó wálẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í fi apá òsì gbé ẹrù, kì í sì í gbà kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ìgbà náà ló sì ti ń sá fún téèpù ẹlòmíì. Kò fẹ́ kí ojú kankan dé ibi tí wọ́n gé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù. Kókó kan ti yọ sí ọmú tiẹ̀ náà. Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbọ́n sì ti lóun ò ṣe. Ó ti gbọ́ pé apá ẹni tí wọ́n bá gé máa ń wú bí ìrọ̀rí. Ìyá Rẹ́gí bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, ó ní apá tòun nìyí, kò ṣe nǹkan kan.

"Wá, kí n fojú ara mi rí i," ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Bí mo bá rí i pé apá yẹn wú, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kàn mí."

Wákàtí mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ òfuurufú máa fi fò débẹ̀. Ìyá Rẹ́gí gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú irú apá bẹ́ẹ̀ kò ju ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ló nílò nǹkan kan kó tó wọkọ̀ òfuurufú, àmọ́ ti Ìyá Rẹ́gí yàtọ̀, torí apá rẹ̀ ti wú rí. Jíjókòó fún wákàtí púpọ̀ àti bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń rí nínú ọkọ̀ tó bá ti dókè lè mú kí omi tún wọ́ jọ. Ìbọ̀pá ló máa lò: ó dà bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn, apá ni wọ́n ń bọ̀ ọ́ sí, ó sì máa ń fún apá díẹ̀díẹ̀ kí omi má bàa dúró. Ó ní kí Ìyá Rẹ́gí bọ́ ẹ̀wù kóun wọn apá náà.

Ìyá Rẹ́gí rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni wọ́n fẹ́ wọ̀n? Ó kẹ̀yìn sí ọmọbìnrin náà, ó yọ téèpù tirẹ̀ nínú báàgì, ó wọn ara rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù, ó sì ka iye rẹ̀ sí i létí. Ojú àgbàlagbà ni nọ́ọ̀sì wò tó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sì ti mọ ohun tí ọwọ́ aránṣọ ṣe láìrò ó. Ìka méjì ti wọ abẹ́ téèpù.

Nígbà tí ìbọ̀pá dé, ńṣe ló ń yọ̀ wálẹ̀ lápá rẹ̀. Ẹlòmíì á dá a padà. Ìyá Rẹ́gí tiwa yìí, abẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e lọ. Ó rán an wọlé láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ó gé òwú tó kù, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì yin ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé kó wọ̀ ọ́ nílé fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n mọ bó ṣe máa bá a lára mu ṣáájú ìrìn àjò. Ó wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó jókòó ti iṣẹ́.

Lọ́sàn-án, káfíńtà wá jẹun. Ó rí i pé ìyàwó òun ń mú sísọ́ọ̀sì bí ẹni tí ọwọ́ ń dùn. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, ó ti kún bí búrẹ́dì inú ààrò. Ó bá a fa ìbọ̀pá náà kúrò, ojú ibi tó rán ti tẹ ilà gígùn sí i lápá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí ọkọ̀ gbéra.

"Rẹ́gí," ló pè é, "mú téèpù wá."

"Onírin tiyín dà?"

"Tìrẹ ni mò ń wí. Mo gbà, òun ló mọ ara èèyàn."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Rẹ́gí ti ń retí kí ọkùnrin yìí gbà fún òun. Ọjọ́ tó wá gbà, kò lè fi yọ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀ bó ṣe na téèpù náà sí i. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ íǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀, tòsì lé ní méje. Káfíńtà yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Wọ́n jọ padà sí ọsibítù, Ìyá Rẹ́gí sì jẹ́wọ́ ìka méjì tó ki bọ abẹ́ téèpù. Nọ́ọ̀sì yí ìbọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì, ó wo ojú ìránṣọ gígún régé ọ̀hún, kò mọ̀ bóyá kóun yìn wọ́n àbí kóun bínú.

"Mà, aṣọ oge lẹ mọ̀," ló sọ. "Èyí, iṣẹ́ ló ń ṣe. Kò fẹ́ ojú ìrán, kò sì fẹ́ ìka méjì. Ẹ̀bi mi náà ni, èmi ló yẹ kí n wọ̀n yín."

Ìyá Rẹ́gí bọ́ ẹ̀wù. Ó kọjú sí ògiri. Àmọ́ nígbà tó yọjú wo nọ́ọ̀sì, ó rí i pé òun mọ ojú tí ọmọ náà fi ń wo òun. Ojú tóun fúnra rẹ̀ fi ń wo àwọn oníbàárà ni, onísẹ̀ wíwọ́, ẹni tí èjìká rẹ̀ kan wálẹ̀, ẹni tí ikùn rẹ̀ yọ. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín rí, bí aṣọ ṣe máa bá wọn mu ló ń rò. Ó mí kanlẹ̀, ó sì yíjú sí ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, apá ti wálẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ìbọ̀pá tuntun dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tirẹ̀. Ó le koko láti wọ̀, nọ́ọ̀sì sì kọ́ káfíńtà bó ṣe máa fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ fà á gòkè láì ká a jọ. Láràárọ̀, ọkùnrin náà á wọ rọ́bà méjì aláwọ̀ ìyeyè, á dúró gangan bíi dókítà àgbà, ìyàwó rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa dùn ún. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó bọ̀ ọ́, wọ́n ń wọ̀n ọ́n tí wọ́n bá bọ́ ọ tán. Íǹṣì mẹ́fà àti ààbọ̀ ló ń jẹ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù sì kún fún pẹ́ńsù.

Káfíńtà náà ló di ẹrù. Ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò, ó yọ gbogbo aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ní òun á máa rán níbẹ̀, ó fi báàgì onítáyà rọ́pò èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Ó da iye orí ilẹ̀kùn kọ sínú ìwé, ó ká a mọ́ téèpù aláṣọ náà, ó sì fi í sínú báàgì ọwọ́.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, Ìyá Rẹ́gí ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó mu omi. Ó ń fún bọ́ọ̀lù àkísà kan lọ́wọ́, ó ń tú u. Ó rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ìjókòó débi pé ọkùnrin kan bi í bóyá ó ń wá ẹnì kan. Ó ní òun ń lọ rí ẹ̀gbọ́n òun ni.

Ẹ̀gbọ́n wá pàdé rẹ̀, ó ti rù. Inú mọ́tò ni Ìyá Rẹ́gí ti ro ẹjọ́ ìbọ̀pá àti ẹ̀rọ ìránṣọ fún un, ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lápá náà. Wọ́n délé, wọ́n wọ yàrá. Nígbà tí wákàtí tí nọ́ọ̀sì ní kó ṣì fi wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò pé, Ìyá Rẹ́gí bọ́ ìbọ̀pá, ó bọ́ ẹ̀wù pẹ̀lú. Ó fi téèpù lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ wọ̀n mí," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n wọn ọrùn ọwọ́, ó wọn òkè ìgúnpá, ó wo ìwé káfíńtà. Ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí wọ́n gé, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ká apá ẹ̀wù ara rẹ̀ sókè, ó sì na téèpù padà sí àbúrò rẹ̀.

"Wọn tèmi náà sílẹ̀, ká mọ iye tó jẹ́ kí wọ́n tó ṣe é," ló sọ. "Má ki ìka méjì bọ̀ ọ́ o."