Agbọ̀n Ẹ̀gẹ́ Lórí Àpótí Àwọn Olùwádìí

Ní bí ọdún 1984, kò sẹ́ni tó lè bá mi sáré nílé ẹ̀kọ́ wa n'Ígbó-Ọrà, mo sì mọ̀ ọ́n! Nígbà tí àwọn olùwádìí yunifásítì gbé àpótí dé ìlú wa, pé ká máa gùn ún ká máa sọ̀, tọmọdé tàgbà, kí wọ́n lè ka bí àyà wa ṣe ń lù, èmi ni mo kọ́kọ́ bọ́ síta. Kò pẹ́ tí mo fi ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó kan ìyá ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé láti oko Ìdèrè. Ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ òun ru òun, pé orí òfìfo kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun dúró ire. Ó gùn, ó sọ̀, títí aago àwọn olùwádìí fi dún pé ó tó. Ọ̀kan nínú wọn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, ó tún un kà.

Ìyá àgbà wò ó. "Dókítà, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?"