Bíyìí àti Ọmọ Rẹ̀ Lórí Òkè Ayọnáyèéfín

Bíyìí ò sunkún nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Kì í ṣe pé ó ń ṣe bí akọni. Omijé náà ni kò wá. Adébísọ́lá lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe ní Abbey Wood nílùú Òyìnbó láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé e ṣánlẹ̀, kò sì padà wálé mọ́. Wọ́n sin ín, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé oúnjẹ wá títí fírísà fi kún, Bíyìí sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Táìlì ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé kiri láti ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way. Ó ń jẹun tí wọ́n bá gbé e síwájú ẹ̀, ó ń dáhùn tí wọ́n bá kí i. Àwọn èèyàn ní Ọlọ́run ló gbé e ró. Òun náà ń ṣe àmín.

Moráyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, jẹ́ tíṣà jọ́gíráfì nílé ìwé kan ní Woolwich. Nígbà tí ìsinmi oṣù karùn-ún ń bọ̀, ó pe bàbá rẹ̀ pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn méjèèjì lọ sí Tenerife, erékùṣù àwọn ará Sípéènì, káwọn lọ wo Teide, òkè ayọnáyèéfín tó wà láàárín ọgbà ńlá tí ìjọba ń dáàbò bò níbẹ̀. Bíyìí béèrè bóyá òkè ọ̀hún ti kú. Moráyọ̀ ní rárá, ó kàn dákẹ́ ni. Bíyìí ní kò burú. Ká ní Margate, etíkun tí kò jìnnà sílé, ló dárúkọ, ohun tí ì bá wí náà nìyẹn.

Moráyọ̀ ló wa ọkọ̀ tí wọ́n háyà. Bí wọ́n ti ń gòkè, igi tán, koríko tán, ilẹ̀ di dúdú, ó tún pọ́n bí irin tó dípẹtà. Moráyọ̀ ń ṣàlàyé bí òkúta yíyọ́ ṣe ṣàn wálẹ̀ tó sì gan síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń mi orí. Ó ń wá ìyanu tó yẹ kó yà á, kò rí i. Ó rántí pé Adébísọ́lá ì bá ti máa ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ìrántí náà kọjá bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì.

Ọkọ̀ tí okùn irin ń fà ló gbé wọn dé òkè pátápátá. Òtútù wà níbẹ̀, èémí ò sì tó èèyàn. Èéfín funfun ń yọ láàárín òkúta, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

"Imí-ọjọ́ nìyẹn," ni Bíyìí wí. Inú Bíbélì ló ti mọ̀ ọ́n.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí òòyì fi kọ́ Moráyọ̀. Ó jókòó lórí òkúta, ètè rẹ̀ gbẹ. Òṣìṣẹ́ ọgbà kan wá, ó ní òkè ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀, kó mu omi, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bíyìí ṣí omi, ó bá a di ike náà mú. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gba Moráyọ̀ lẹ́nu.

"Daddy, ṣé o tiẹ̀ miss Mummy rárá? Torí mi ò rí i lójú ẹ."

Láti kékeré ló ti ń sọ "o" fún un. Ìyá rẹ̀ ló máa ń tún un ṣe.

"Ara mi ti kú, Moráyọ̀," ni Bíyìí wí. "Látìgbà tí wọ́n ti pè mí láti Abbey Wood, mi ò mọ nǹkan kan lára. Mo ń retí ẹkún, kò dé. Mo rò pé tí mo bá sọ fún ẹ, ẹ̀rù á bà ẹ́."

Moráyọ̀ nu ojú rẹ̀. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé òun rò pé bàbá òun ti gbàgbé ìyá òun. Ìdí tóun fi mú un wá nìyẹn, bóyá nǹkan tó tóbi báyìí á mú un sọ̀rọ̀. Bíyìí ní òun ò gbàgbé. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé e léjìká, wọ́n sì jókòó títí ọkọ̀ fi dé. Kò sunkún níbẹ̀, kò sì sunkún ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n padà sí Thamesmead, níbi tí Bíyìí ń gbé, pásítọ̀ bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ara ṣe rí. Ó ní, "Mi ò mọ nǹkan kan lára, sà." Pásítọ̀ jókòó tì í.

Ní báyìí, Moráyọ̀ máa ń wá bá a jẹun alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà míì Moráyọ̀ á sunkún díẹ̀. Bíyìí á jókòó títí yóò fi dákẹ́, lẹ́yìn náà á dìde lọ fọ abọ́.