Abẹ́rẹ́ Géèjì àti Ọlọ́dẹ

Bàbá mi ti gbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru lọ́rùn ẹ̀wù mú kí n tó fọ ẹnu tán.

“Olè! Ta lo ta gáàsì mi fún lóru?”

“Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án o!”

Ajórin ni bàbá mi, ní àdúgbò Ladi-Lak, iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Lọ́sàn-án àná, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn gáàsì inú sílíńdà ọ́síjìn wà lórí àádọ́jọ. Kò lò ó rárá lẹ́yìn ìgbà náà. Láàárọ̀ ọyẹ́ yìí, ó ti rẹlẹ̀ dé mẹ́tàdínlógóje. Àwọn èèyàn ti ń pé jọ, ẹnì kan sì ti ń wá igi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè lólè.

Ni ìyá àgbà ilé kejì bá jáde, òórùn ìpara oríkèé-ríro ṣáájú wọn. Tíṣà kẹ́místírì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Òwe ní ìfura loògùn àgbà, àmọ́ ti ìyá yìí ti kọjá oògùn. Wọ́n á tẹ búrẹ́dì wò lójú ẹni tó ń tà á. Ọlọ́dẹ yìí gan-an, wọn kì í dá a lóhùn tó bá kí wọn. Inú bàbá mi dùn pé ẹlẹ́rìí dé.

“Ẹ ṣáà ti sọ fún wa, Mà.”

Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sílíńdà dúdú náà. “Ibo ló wà lánàá?”

“Inú oòrùn níbẹ̀ yẹn, Mà.”

“Ẹ fi ọlọ́dẹ sílẹ̀. Ẹ ti géètì, kò ní sá.”

Wọ́n so tẹmọ́mítà mọ́ sílíńdà, wọ́n sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sára géètì wa. Wọ́n ṣàlàyé pé agbára tí gáàsì fi ń ti irin, àyè inú sílíńdà, àti ooru: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi ń mọ iye gáàsì tó wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń sọ ẹyọ kan péré. Bí ooru bá lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á rẹlẹ̀, bí gáàsì ò tiẹ̀ dín.

“Ẹ gbé e padà sójú oòrùn. Tó bá gbóná dé àádọ́ta, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí àádọ́jọ. Bí kò bá débẹ̀, èmi fúnra mi ni màá bá yín dè é.”

A jókòó tì í. Ọlọ́dẹ kọ omi tí mo bù fún un. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bọ̀ láti àdúgbò kejì, irin ń gbóná, abẹ́rẹ́ sì ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí tẹmọ́mítà dé àádọ́ta, abẹ́rẹ́ dúró lórí àádọ́jọ.

Bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ tún ọrùn ẹ̀wù ọlọ́dẹ ṣe. “Jọ̀ọ́, má bínú,” ló lè sọ. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

Ìyá àgbà ń nu géètì. “Mi ò tíì fọkàn tán an o,” ni wọ́n wí. “Àmọ́ èyí, kì í ṣe òun.”

Ní báyìí tí mo ti dàgbà, èmi náà ti wá di onífura, ọkọ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mi ò lè jáwọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò fẹ́ràn rárá, òun ni mo máa ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lanu.